Òjíá Ìyá Mi àti Ọkọ̀ Tó Ń Jò ní Ẹ̀pẹ́

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé sí Ìsẹ́yìn, kò sí orí kan tí mo fá ní ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹni tó ni orí náà kò bi mí pé, "Mùkáílà, báwo ni ọ̀hún ti rí?" Èmi náà kò sì lè pa ẹnu mọ́. Ibi tí mo ti ń fi ọwọ́ júwe bí ọ̀sà ṣe fẹ̀ tó ni abẹ ti gba irun òkè ojú Tíṣà kan lọ lápá kan. Fìlà ló ń dé bò ó títí di òní. Nítorí náà, mo ní kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Ẹni tó bá wá fárí, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Òjíá ló fa ìrìn náà. Ẹ mọ igi ńlá tó wà lẹ́yìn oko ìyá mi, èyí tí oje máa ń sun lára rẹ̀ tí á sì gbẹ le bí òkúta. Ìyá mi kò mọ lọ́fínńdà kankan ju oje yìí lọ. Àpáàdì ẹyin iná ni, òjíá díẹ̀ lórí rẹ̀, kó da agbọ̀n bò ó, kó sá aṣọ sórí agbọ̀n. Bó bá gba ọjà kọjá láàárọ̀, ẹni tó dé ọjà lálẹ́ á mọ̀ pé ó wá. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ, òjíá. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀, òjíá. Bí igbá bá sán, á yọ́ òjíá, á fi lẹ̀ ẹ́. Bí obìnrin bá bímọ ní àdúgbò wa, kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi gbígbóná kaná, ìyá mi á ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpáàdì tó ń rú èéfín.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, ló ránṣẹ́ wá. Ọ̀dọ́ ló wà nígbà tó kúrò nílé lọ wáṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Ó fẹ́ ọmọ apẹja níbẹ̀, òun náà di apẹja, kì í sì í wálé àfi bí èèyàn bá kú. Kò béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe dé sórí fóònù mi lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, òjíá ẹ̀yìn oko yẹn. Ọkọ̀ mi ń jò. Ọ̀dà tí mo fi dí i kò mú un. Bí n kò bá rí òjíá náà, wọ́n máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

Kò sọ àwọn tó fẹ́ gbà á. Ìyá mi gbọ́ ohùn náà ní àgbọ́túngbọ́, ó nu ojú, ó mú ọbẹ lọ sí ìdí igi. Èyí tó ha wá, tó yọ́ pọ̀, tóbi tó orí ọmọdé. Ó dì í sínú aṣọ, ó gbé e fún mi.

"Mùkáílà, má tà á, má jókòó lé e, má gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀."

Kò sọ pé kí n má fi tọrẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Òórùn nínú ọkọ̀

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ̀ pé bí ooru bá ti mú òjíá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn. A kò tíì jìnnà tí awakọ̀ fi yíjú padà.

"Ta ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọ ọkọ̀ mi?"

Bàbá kan lẹ́yìn ní, "Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́sáláṣí ni. Mo mọ òórùn tùràrí."

Wọ́n ń jà á lọ báyìí. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kan dá sí i, ó ní kí àwọn méjèèjì fara balẹ̀, kí wọ́n bi igi pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Èmi ní tèmi gbé òjíá sórí ẹsẹ̀, mo ń wo ìta bí ẹni tí kò mọ nǹkankan. Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti ìgbà tó ti wọkọ̀. "Ọmọ mi, bù fún mi, kí n fi símú. Ìyá mi náà máa ń lò ó."

Ṣé kí n ní rárá ni? Mo bu díẹ̀. Kò pẹ́ tí imú rẹ̀ fi là, ó sì fi ariwo ṣe ìpolongo rẹ̀. Mo bu fún bàbá onímọ́sáláṣí, kó má bàa dà bíi pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Mo bu fún awakọ̀ kó lè dákẹ́. Nígbà tí mo fi máa bọ́ sílẹ̀, orí ọmọdé ti di orí ọmọ ìkókó.

Ìkòròdú

Mo bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Agric, mo sì ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn.

Mo kí ìyá oníbúrẹ́dì, "Ẹ kú ọjà o, mà." Ó ní, "Mélòó?" Mo kí ọkùnrin kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, "Ẹ kú ìdúró." Ó fi ọwọ́ di àpò rẹ̀ mú, ó ní, "Mi ò ní ṣéńjì o, bọ̀ọ̀dá." Mo kí ọlọ́kadà kan, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kí n tó pa ẹnu dé, mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀, òun àti èmi ti ń sáré lọ.

"Níbo?" ló ń pariwo béèrè nínú atẹ́gùn.

"Mo kàn kí yín ni!"

"Ibo ni wọ́n ń pè ní Mo-Kàn-Kí-Yín?"

Ọlọ́run ṣe é, ọ̀nà Itamaga ló dojú kọ, Itamaga náà sì ni mo ń lọ. Kí ẹ má rò pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ní ìwà o. Wọ́n ní in dáadáa. Eré ni wọ́n ń bá a sá.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Súwé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo fẹ́ sùn sí. Ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn ló ń gbé, èyí tí ilẹ̀kùn yàrá kan kọjú sí ilẹ̀kùn ìkejì tí èèyàn kò lè sín kí ẹlòmíràn má ṣàdúrà fún un. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́hùn-ún ní Industrial Estate. Ó dì mọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n nímú kí n tó mọ̀ ọ́n lójú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Má bínú. Mo ti fi gbogbo ọṣẹ ìlú yìí fọ aṣọ. Kò lọ." Ni òórùn àpò mi bá kàn án. Ó dúró gbagidi. "Mùkáílà. Kí lo gbé wá? Ṣé ti Ìyá ni?" Omi lé ròrò sí i lójú. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi bí mo ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án.

Kò sí àpáàdì. Ìdérí agolo mílíìkì ló kó èédú sí. Ó da òjíá lé e, ó kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bò ó, ó ti fèrèsé. Òjíá tó mọ gbàgede Ìsẹ́yìn kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Èéfín náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó ń wá ìta kiri.

"Wáyà ń jó! Wáyà ń jó o!" Bàbá onílé ni. Iná ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni. Ó sáré lọ pa á lójú wa. Gbogbo ilé tú síta. Ìyá Ìbùkún, ará yàrá ìdojúkọ, gbé sílíńdà gáàsì rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ. Ààfáà tó ń gbé lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà gbé bùtà rẹ̀ dání, ó ní òun á fi pa iná náà.

"Ẹ má bínú," ni Àǹtí Súwé wí, ojú ń tì í. "Òjíá ni."

Ìyá Ìbùkún gbé sílíńdà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Òjíá? Èyí tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù?"

"Ìsẹ́yìn la ti gbé tiwa wá, mà," ni mo dáhùn.

"Ìlà-oòrùn ni wọ́n ti gbé tiwọn wá. Ṣé Ìsẹ́yìn kò sí ní ìlà-oòrùn?"

Mo rò ó wò. Mo ní, "Ó kù sí ibi tí èèyàn bá dúró sí."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo bu fún un. Ààfáà fi ikọ́ ha ọ̀fun, ó ní kò yẹ kí a máa pín tùràrí láìbi mọ́sáláṣí. Mo bu fún un. Bàbá onílé, ẹni tó ṣì mú bọ́kẹ́ẹ̀tì iyẹ̀pẹ̀ dání, ní ohunkóhun tó bá ti jó nínú ilé òun, òun ní ìpín nínú rẹ̀. Mo bu fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní yàrá ìparí, gbogbo wọn sì yíjú wò mí.

Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n kó búrẹ́dì fún mi, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ̀sùbáà, àti àdúrà tí bàbá onílé fi itọ́ ṣe sí mi lórí. Ẹrù mi wúwo ju bí mo ṣe gbé e dé lọ. Àmọ́ kì í ṣe òjíá ló wúwo. Òjíá ti di ọsàn kékeré kan.

Níbo lẹ ń yún?

Ẹ̀pẹ́ kò jọ Ìkòròdú. Bẹ́ ẹ bá ti ń súnmọ́ ọn, atẹ́gùn omi á kọ́kọ́ kan yín lójú, òórùn ẹja yíyan á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ìlú fúnra rẹ̀ á wá yọjú. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń kí èèyàn o! Inú mi dùn. Mo kí obìnrin àgbà kan tó ń to ẹja sórí àtẹ, ó sì dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ó wá bi mí pé:

"Ibo lẹ ń yún?"

Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe mọ̀, nítorí àga ọkọ̀ tí mo wọ̀ dé ní ìdun. Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ̀yìn mi ni, mà. Lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi kò dé."

Ó wò mí. Ó yọ́ yí mi ká, ó wo ẹ̀yìn mi. "Mo ní, ibo lẹ ń yún?"

"Ẹ má ṣe ìyọnu, mà. Màá fi ha ògiri."

Àwọn tó wà nítòsí ti ń fi ẹja bojú kí n má bàa rí ẹ̀rín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàánú mi tó sọ pé ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ń lọ sí ibì kan, ó ń yún ni. Mo ní ha! Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé àbúrò ìyá mi, Bàbá Múnírà apẹja, ará Ìsẹ́yìn, ni mo ń yún.

Obìnrin àgbà náà pàtẹ́wọ́. "Ilé mi!" ló ké. "Ìyá Múnírà rèé! Ṣé Mùkáílà ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyí?" Bí mo ṣe mọ Àlàájà, ìyàwó Bàbá Ẹ̀pẹ́, nìyẹn. Títí mo fi kúrò nílé rẹ̀, bó bá ti rí mi tí mo dìde báyìí, á bi mí bóyá ọwọ́ mi dé ibẹ̀.

Ó fún mi ní ìkọ́kọrẹ́ jẹ. Mo jókòó tì í, mo ń dúró. Ó ní kí ló dé tí n kò jẹun. Mo ní mò ń retí ọbẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo tú u wò, òótọ́ ni: iṣu ewùrà, epo, ata àti ẹja ti parí ìjíròrò nínú ìkòkò kó tó kàn mí. Ẹja tó wà nínú àwo kan ṣoṣo yẹn tó èyí tí ilé wa fi ń se ọbẹ̀ àlejò. Ní Ìsẹ́yìn, ẹja máa ń bẹ ọbẹ̀ wò ni. Ní Ẹ̀pẹ́, ọbẹ̀ ló ń bẹ ẹja wò.

Ìyókù ńkọ́?

Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti odò dé. Ó gbọ̀n mí lọ́wọ́ títí, ó bi mí léèrè ìyá mi, ó bi mí léèrè igi. Ó wá tú aṣọ náà. Ó gbé òjíá sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó di ojú fún ìgbà díẹ̀.

"Òun gan-an ni," ló wí. "Àpẹẹrẹ rẹ̀ dára púpọ̀. Ìyókù ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ti ìyá ọlọ́fìnkìn. Mo sọ ti awakọ̀, ti Àǹtí Súwé, ti sílíńdà gáàsì, ti ọmọ tuntun. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú bàbá ń rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ ìyá rẹ ni ọ́. Òun náà á fi ọbẹ̀ tọrẹ tán kí a tó ro ẹ̀bà."

Àlàájà ló là mí lóye ohun tó wà nílẹ̀, òun gan-an sì ni ẹni tó fẹ́ gba ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ pákó náà ti gbó. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó rì lábẹ́ bàbá, òpó àwọ̀n kan ni bàbá rọ̀ mọ́ títí àwọn èèyàn fi dé. Láti ọjọ́ náà ni Àlàájà kò ti sùn dáadáa mọ́ bí bàbá bá wà lójú omi. Àwọn méjèèjì ti wá ṣe àdéhùn. Àlàájà fúnra rẹ̀ máa wọ ọkọ̀ náà sọdá sí òdìkejì, wọ́n á sì padà. Bí omi kò bá kan ìró rẹ̀, bàbá máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí omi bá kàn án, ó parí.

"Àáké ni yóò bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀," ni Àlàájà wí. "Màá fi yan ẹja. N kò ní torí pákó di opó."

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó kàn yíjú sí mi. "Bí mo bá jókòó sílé, Mùkáílà, kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa bá adìyẹ sọ̀rọ̀?"

Ẹni tó kọ́ bàbá níṣẹ́ ọkọ̀ ló fi òjíá hàn án. Irú igi náà wà nínú igbó ìtòsí nígbà náà, kí wọ́n tó gé igbó kọ́lé. Ìdí nìyẹn tó fi rántí igi ẹ̀yìn oko wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a jókòó sétí omi, ó yọ́ ọsàn kékeré mi sínú agolo pẹ̀lú epo pupa kó má bàa fọ́. Ó rẹ àkísà sínú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ ibi tí pákó ti pàdé pákó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń fi òògùn sójú ọmọ. Òórùn náà bo gbogbo etí omi. Ó dí iwájú, ó dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ku ibì kan ní ìdí ọkọ̀, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ni agolo bá gbẹ. Bàbá da epo sí i, ó fi ìka ha ara agolo, ó fi ìyẹn lẹ àkísà tó kẹ́yìn. Èmi tí n kì í ṣe apẹja mọ̀ pé epo ló pọ̀ níbẹ̀, òjíá kò tó nǹkan.

Lórí ọ̀sà

Àlàájà wọ ìró tó mọ́ jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ó jókòó síwájú, ó kọjú sí ibi tí a ń lọ. Bàbá dúró, ó ń wa àjẹ̀. Wọ́n fi èmi sáàárín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. N kò mọ ìwẹ̀ o. Odò tó tóbi jù tí mo ti wọ̀ rí, màlúù ló ń mu ún.

A kò tíì dé àárín tí mo gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn mi: ṣíì. Mo wo ẹ̀yìn. Omi ń yọ́ wọlé láti ìdí ọkọ̀, ó ń yún, bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti ń wí, ìró Àlàájà ló sì ń yún bá. Mo wo bàbá. Bàbá wò mí. Ó fi ojú tọ́ka sí ibẹ̀, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo pín òjíá náà káàkiri. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, mo sì gbé ìdí lé e.

Ọlọ́run tó dá ìdí fún mi kò ṣahun, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ohùn náà dákẹ́.

"Mùkáílà," ni Àlàájà pè láìyíjú padà, "kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Mò ń gbádùn atẹ́gùn ni, mà."

A dé òdìkejì. Àlàájà ní kí n bọ́ sílẹ̀ wá kí àwọn ẹbí òun. Mo ní ẹ bá mi kí wọn. Ó ní ṣé n kò fẹ́ mu omi ni. Mo ní mo ti rí omi tó lọ́jọ́ náà. Ó wò mí pẹ́, ó tún jókòó, a sì yí padà. Oòrùn ń pa mí lókè, omi tútù ń kàn mí nísàlẹ̀. Mo ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo tún kà lára ti Ìyá Ìbùkún.

A gúnlẹ̀. Àlàájà bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ó gbẹ fúrúfúrú. Bàbá fẹ́ẹ̀ jó. "Ó dára," ni Àlàájà wí, inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. "Mùkáílà, dìde, ká lọ sílé."

Mo dìde. Ọkọ̀ náà bá mi dìde.

Ìgbóná ara mi ti yọ́ òjíá, òjíá ti gba ṣòkòtò. Mo tún gbìyànjú, ìdí ọkọ̀ gbéra, ó sì fi mí lélẹ̀ padà, gbì! Àlàájà sún mọ́ mi. Ó wo omi díẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Ó wo ibi tí mo jókòó sí. Ó wo ọkọ rẹ̀. Mo rí i pé ó ti yé e.

Bàbá bọ́ fìlà, ó mú un sọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé.

"Bàbá Múnírà," ni Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, "ṣé ẹ fẹ́ràn pákó yìí tó báyìí ni?"

"Àlàájà, orí rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ. O ní kí n gbé ọ sọdá. N kò tíì mọ àjẹ̀ í wà nígbà náà. Mo purọ́ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀," ni Àlàájà wí. "Yíyí la ń yí lójú kan."

Ó fẹ́ bínú. Ó tún wò mí, bí mo ṣe jókòó tí mo ń ṣe bí ẹni pé ó wù mí láti jókòó. Ẹ̀rín bá jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi etí ọ̀sà, pẹ̀lú ìró tó mọ́ jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Àwọn tó ń yan ẹja sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan mú àáké dání, ó rò pé àkókò ti tó, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa àdéhùn náà.

Àlàájà na ọwọ́ sókè láti inú omi.

"Ẹ mú sísọ́ọ̀sì wá," ló wí. "Ẹ gé ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ má gé ọkọ̀."

Ìró Àlàájà kan ni mo ró la Ẹ̀pẹ́ já lọ sílé lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn sì ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá gbà láti má ṣe dá nìkan jáde sójú omi mọ́. Àna rẹ̀ kan ló ń bá a lọ báyìí. Ìyá mi ti tún lọ sí ìdí igi, ó ń ha òjíá mìíràn jọ, ó sì ti búra pé èmi kọ́ ni yóò gbé e lọ.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má yára pa ara rẹ̀ lára, ọkọ̀ ti tún ń jò díẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ibi tí ṣòkòtò Mùkáílà wà, omi kò kán níbẹ̀ rárá.